Àgádágodo Mẹ́rin Lórí Omi Kan

Ẹni tó bá rò pé ìgbà tí èèyàn bá wọ ọkọ̀ òfúrufú nìkan ló dé ilẹ̀ òkèèrè, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti gbé Ọ̀tà rí. Èmi ò fò, mi ò rí yìnyín, òyìnbó kankan ò sì fojú kéré mi. Kétu ni mo ti wá, Kétu ti Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń fi Yorùbá kí ara wa láàárọ̀, tí wọ́n ń fi Faransé na ọmọ nílé ìwé, tí a sì ń padà fi Yorùbá bú ara wa nírọ̀lẹ́. Ẹnubodè kan péré ló wà láàrin àwa àti àwọn ará ibí. Mo ti rò ó dáadáa kí n tó kúrò nílé pé ọ̀dọ̀ ìbátan ni mò ń lọ. Áà! Ìbátan wo?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró ní Toll Gate, ní Ṣàngó, mo nawọ́ sí àwọn ọlọ́kadà, mo ń ké sí wọn bí a ṣe ń ké sí wọn lọ́dọ̀ wa: "Sẹ́ẹ̀mù! Sẹ́ẹ̀mù!" Kò sẹ́ni tó dúró. Obìnrin kan tó ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fọwọ́ kàn mí léjìká, ojú àánú ló fi ń wò mí.

"Àǹtí, ọmọ ọdún mélòó ni Sẹ́ẹ̀mù yẹn? Aṣọ wo ló wọ̀?"

Kí n tó là á yé e, àwọn èèyàn ti ń bá mi wá ọmọ tó sọnù. Ọkùnrin kan ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ lọ sọ́nà Ìjokò. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ pé ọ̀kadà lásán ni mò ń pè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní mo ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì fẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀ tòun ti ẹrù mi.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé ò ṣòro láti sọ. Ọkọ mi fẹ́ ìyàwó mìíràn. Mi ò jà. Ó dáa, mo jà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo di ẹrù mi. Ìyàwó tuntun náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbọ́, kí n wá bá yín sọ ẹrù." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ o. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohunkóhun tó bá ń bẹ ní Nàìjíríà, n ó fara mọ́ ọn. Ebi lè pa mí, ẹ̀fọn lè jẹ mí, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ò ní bá mi sọ ẹrù.

Àwọn ará ibí ní Yorùbá làwọn ń sọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí mo dé, onílé tí mo gba yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìjokò sọ fún mi pé, "Àǹtí, tí ẹ bá ti fínísì, kẹ́ ẹ ọ́ọ̀fù iná, kẹ́ ẹ lọ́ọ̀kì géètì, torí mo máa ń sílíìpù ní táìmù." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo wọlé, mo jókòó sórí ẹní, mo wá ń ronú ohun tí mo ṣèlérí fún un. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi: mo kí i kú ilé, mo kí i kú oorun àná, mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè àwọn tó wà lóko. Kò ní oko. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Àǹtí Àjàṣẹ́," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, mo ti léètì."

Àjàṣẹ́! Èyí ló dùn mí jù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti òdìkejì ẹnubodè wá, Àjàṣẹ́ ni lójú wọn. Àjàṣẹ́, ìlú ńlá mìíràn ní Bẹ̀nẹ̀, jìnnà sí wa, mi ò tiẹ̀ débẹ̀ rí. Mo máa ń ṣàlàyé títí ọ̀fun mi á fi gbẹ pé ọmọ bàbá kan náà ni ọba tiwa àti àwọn ọba tiwọn, pé òyìnbó tó fa ìlà sáàrin wa ò bi ìyá ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á mi orí. "Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí Àjàṣẹ́."

Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ni, àwọn ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń kó ọjà sí. Ooru ibẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa ò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Faransé, Pijin ló ń sọ. "Ajase! You dey look machine, machine dey look you!" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi bí orin kí n tó mọ̀ pé èébú ni. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá láti Ìkìrun, láti Ìsẹ́yìn, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àlejò ni wọ́n bíi tèmi. Ìkìrun jìnnà sí Ọ̀tà ju Kétu lọ! Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dé ni wọ́n ti di ọmọ wa, èmi ṣì ni Àjàṣẹ́. Tí nǹkan bá sọnù, ojú mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Mo máa ń wo ojú wọn padà, torí ìyá mi ò bí ojo.

Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Gbogbo Ìjokò á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á wá ku èmi àti ewúrẹ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ìkángun òpópónà wa máa ń dé yàrá mi bí ẹni pé mo sanwó fún un. Pásítọ̀ á ní kí kálukú kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sọ fún un pé, "Ó máa dára fún ẹ." Èmi náà á wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ìkòkò ọbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo bá sọ fún un. Mo rẹ́rìn-ín ara mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ọ̀hún sì di ẹkún. Àárò ilé sọ mí, mi ò ní purọ́.

Ìyá Ìdòwú ló yọ mí kúrò nínú ọ̀rá. Àgbà obìnrin Àwórì ni, ọmọ onílẹ̀ pọ́ńbélé. Ilé rẹ̀ kọjú sí ọgbà ìgbafẹ́ kan tí ìjọba ṣe sí ẹ̀yìn Ìjokò, níbi tí ilé ti ń parí tí ògiri iléeṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń bá a ra epo. Lọ́jọ́ kan tí ikọ́ ooru iléeṣẹ́ ń gbé mi jó, ó ní, "Àjàṣẹ́, ikọ́ yìí á pa ẹ́. Wọ́n ń wá ẹni tó máa gbálẹ̀ ọgbà. Ṣé o mọ ìgbálẹ̀ dì mú?" Mo ní ṣé ìgbálẹ̀ Nàìjíríà yàtọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ọgbà yẹn. Ìsun omi kan wà níbẹ̀, tó ń ti abẹ́ àpáta jáde, tó mọ́ gaara, tó sì tutù bí omi àmù. Bọ́hòlù tó wà ládùúgbò ti ń rùn láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ti pọ̀ lókè. Ẹ pọn omi wọn sílẹ̀ ní alẹ́, ẹ ó bá òróró lójú rẹ̀ láàárọ̀. Ìsun yẹn nìkan ló kù tí a lè mu. Wọ́n ṣe agbada oníkọ́ńkéré yí ẹnu rẹ̀ ká, wọ́n fi páìpù fà á jáde sí ẹnu ẹ̀rọ méjì níta irin tí wọ́n fi yí i ká, níbẹ̀ la sì ti ń pọn ọ́n. Òun náà ló ń gbọ́ bùkátà mi. Bí omi yẹn bá fi lè bàjẹ́, ìjọba á ti ọgbà pa, iṣẹ́ mi á tán, Kétu náà nìyẹn, àti obìnrin tó ń dúró láti bá mi sọ ẹrù.

Ọ́fíìsì mẹ́rin ló ń dáàbò bo ìsun kan ṣoṣo yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ṣì fẹ́ máa gbé ibí. Àwọn kan ló ni omi, ọ̀gá wọn ni mò ń pè ní Ọ̀gá Omi. Àwọn kan ló ni igi àti ewéko ọgbà, tiwọn ni Ọ̀gá Koríko. Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ìdọ̀tí, Màdáàmù Gọ́tà, ẹ má sọ fún un pé èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹrin ni aṣojú àwọn iléeṣẹ́ tó wà lókè, Ọ̀gá Bẹ́ǹṣì, nítorí bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi ta ọgbà lọ́rẹ. Wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ iléeṣẹ́ gàdàgbà sí ibi tí èèyàn ń fẹ̀yìn tì, ọ̀dà náà ò sì tíì gbẹ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà. Àwọn àlejò pàtàkì gbé ìpolówó lọ sílé lẹ́yìn agbádá.

"Pàtínáṣíìpù!" Màdáàmù Gọ́tà máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń lá oyin.

Àjọṣepọ̀ náà wúlò o, mi ò fi gbogbo ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n tó dé, àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń ta omi máa ń ti páìpù bọ ẹnu ìsun, wọ́n á fà á títí ẹrẹ̀ á fi yọ. Àwọn mẹ́rin yìí ló fi irin mọ ọgbà yí i ká, tí gbogbo ìyẹn fi dáwọ́ dúró. Ìṣòro wọn ni pé kò sí ẹni tó fọkàn tán ẹnì kejì nínú wọn. Nígbà tí géètì irin dé, Ọ̀gá Omi mú àgádágodo wá. Ọ̀gá Koríko ní bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ Omi nìkan, á máa ta omi lẹ́yìn àwọn tó kù. Ó mú tirẹ̀ náà wá. Màdáàmù Gọ́tà ní òun ò lè máa wo ọkùnrin méjì níran, ó mú tirẹ̀ wá. Ọ̀gá Bẹ́ǹṣì mú èyí tó tóbi jù wá, orúkọ iléeṣẹ́ wà lára ẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé tí onílé bá pọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń fi àgádágodo kọ́ra wọn lórí ṣéènì, kí ẹni tó bá dé lè ṣí tirẹ̀ kó wọlé. Àwọn tiwa ò gbà. Ẹni tó bá dá wọlé, kí ló ń wá? Wọ́n fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ de géètì náà, tó fi jẹ́ pé àfi tí wọ́n bá pé kó tó lè ṣí. Inú wọn dùn. Kọmíṣánnà wá láti Abẹ́òkúta, ó gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò.

Láti ọjọ́ fọ́tò yẹn, wọn ò pé mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gọ́tà kan wà nínú géètì náà, ẹ̀yìn ìsun gan-an ló gbà kọjá, òun ló ń gbé ẹ̀gbin àti àgbàrá láti ọ̀nà iléeṣẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ lóṣooṣù. Lóṣooṣù, ẹni mẹ́ta á dé, wọ́n á máa bú ẹnì kẹrin; lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹni tí wọ́n bú á dé, òun náà á máa bú àwọn mẹ́ta. Èmi á dúró lẹ́yìn irin, màá máa wò bí ọ̀rá ṣe ń kún gọ́tà. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ṣáájú mi ti fi ayùn gé àgádágodo Ọ̀gá Omi rí, lọ́jọ́ tí òun nìkan ò wá, kó lè wọlé kó o. Ọ̀gá Omi fi ọlọ́pàá mú un pé ó ba dúkìá ìjọba jẹ́. Ọmọ Ìfọ̀ ni ọkùnrin yẹn o, ọmọ onílẹ̀. Èmi Àjàṣẹ́ ńkọ́?

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni Ìyá Ìdòwú. Lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ìsun yẹn wà kí ìjọba tó gbà á. Nínú omi yẹn ni ìyá rẹ̀ ti ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní ìkókó. Nísinsìnyí, ó ní láti gba àyè lọ́wọ́ ọ́fíìsì mẹ́rin kó tó fojú kàn án. Tó bá ń sọ ọ́, èdè Àwórì ló fi ń sọ ọ́, mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ò nílò ògbufọ̀. Mo máa ń jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, àwa méjèèjì á máa wo omi láti ẹ̀yìn irin. Mo rò ó wò pé ta ni àlejò nínú wa gan-an. Mo bá mú ìgbálẹ̀ mi.

Ìyá mi ò gbà pé iṣẹ́ gidi ni.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe báyìí?" Ohùn rẹ̀ máa ń lọ, á tún bọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹnubodè ò dára.

"Mò ń ṣọ́ omi, Màmá."

"Ṣé omi ibẹ̀ máa ń sá ni?"

"Rárá o. Inú ọgbà ìjọba ló wà. Ọ́fíìsì mẹ́rin ló ń dáàbò bò ó."

"Omi mímu kan, ọ́fíìsì mẹ́rin. Ayé mà ń lọ níbẹ̀ o." Lẹ́yìn náà ló bọ́ sínú ọ̀rọ̀ tó máa ń bọ́ sí. "Ọmọ mi, mo ń gbàdúrà kí iṣẹ́ yẹn bàjẹ́."

"Màmá!"

"Jẹ́jẹ́ ni o. Kó bàjẹ́ jẹ́jẹ́, kó má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kí o ṣáà ti máa bọ̀ wálé. Mo ti dàgbà."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi pa fóònù. Lẹ́yìn náà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó kù díẹ̀ kí àdúrà rẹ̀ gbà. Òjò kan rọ̀ láti ìdájí, ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á. Nígbà tí mo fi dé ọgbà, ó ti ń dá, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ́yìn irin mú kí n ju ìgbálẹ̀ mi sílẹ̀. Gọ́tà ti dí pátápátá. Ọ̀rá dúdú ti kún un dẹ́nu, bóyá ọwọ́ èmi náà wà nínú ṣíṣe wọn. Omi tó ń bọ̀ láti òkè ò ráyè lọ, ó ti ń gbé ara rẹ̀ sókè, dúdú, ó ń dán, ó ń rùn bíi kẹ́míkà, ó ti fẹ́ dé etí agbada ìsun. Àwọn obìnrin tó gbé kọ́ńgò wá ti dúró gbagidi. Ìyá Ìdòwú jáde, ó di irin mú.

"Tó bá fi lè dà wọnú ẹ̀," ó ní, "omi wa ti kú nìyẹn."

Mo pe Ọ̀gá Omi. "Gọ́tà ni o sọ? Gọ́tà kì í ṣe tiwa. Omi tó mọ́ nìkan ni tiwa."

"Ọ̀gá, èyí tó mọ́ ló fẹ́ bàjẹ́."

"Tó bá ti bàjẹ́, wá sọ fún mi. Màá kọ lẹ́tà sí wọn."

Mo pe Ọ̀gá Koríko. Ó ní ṣé igi kankan wó ni. Mo ní rárá. Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó sì pa fóònù. Ọ̀gá Bẹ́ǹṣì ní ṣé bẹ́ǹṣì wà láàbò. Màdáàmù Gọ́tà ò kọ́kọ́ gbé e. Nígbà tó gbé e, ohùn wúyẹ́wúyẹ́ ló fi dáhùn.

"Àǹtí, mo wà ní sẹ́mínà, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan níbí ní Ọ̀tà."

"Sẹ́mínà kí ni, mà?"

"Lórí ààbò omi."

Mo fẹ́ ju fóònù sínú gọ́tà. Inú bí mi débi pé Faransé ni mo fi ṣépè, èyí tí mo kọ́ lọ́wọ́ tíṣà mi. Ìyá Ìdòwú wò mí títí mo fi ṣe tán.

"Ìgbà wo ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé gbẹ̀yìn?" ó bi mí.

"Ọjọ́ tí Kọmíṣánnà wá."

A wo ara wa. Ó wù mí kí n sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ rò ó, ṣùgbọ́n ojú Ìyá Ìdòwú ló kọ́kọ́ tàn. Mo tún tẹ nọ́ńbà Ọ̀gá Omi.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹrù ló ń bà mí. Wọ́n ní Kọmíṣánnà ti wà ní Toll Gate. Ó ń bọ̀ wá wo omi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé àwọn tó kù ti gbọ́?"

"Àwọn tó kù ti wà lọ́nà, sà."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló ṣiṣẹ́. Mo sọ ọ́ fún wọn bákan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbọ́ bí àga ṣe ń ṣubú lẹ́yìn fóònù.

Ẹ ò bá rí wọn! Ọ̀gá Koríko gun ọ̀kadà dé, táì rẹ̀ ti fò sẹ́yìn ọrùn, ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún. Ọ̀gá Omi fi bàtà òjò kan àti bàtà ọ́fíìsì kan dé. Màdáàmù Gọ́tà ṣì gbé káàdì sẹ́mínà kọ́rùn, ó mú fóònù lọ́wọ́, ó ti ń ya fọ́tò láti ojú títì. Ọ̀gá Bẹ́ǹṣì gbé bánà, aṣọ ìpolówó iléeṣẹ́ wọn, dání. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Ṣíṣí ni wọ́n ń ṣí, kìrà, kìrà, kìrà. Ó wá ku ti Ọ̀gá Koríko. Ó ti dípẹtà. Ó yí kọ́kọ́rọ́, kò yí. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó bẹ̀ ẹ́, ó gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn irin, omi dúdú ti ń pọ́n etí agbada lá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, igbe ni mo fi ń sọ ọ́ báyìí. "Ẹ jọ̀ọ́!"

Ọ̀gá Koríko wo ọ̀nà tí Kọmíṣánnà máa gbà yọ. Ó wo àgádágodo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé búlọ́ọ̀kù kan tó wà nílẹ̀, ó sì fọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tó lè mú un, òun ló ni ín.

A ya wọlé. Mo bẹ́ sínú gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àwọn obìnrin tẹ̀ lé mi, wọ́n ń fọwọ́ fa ọ̀rá jáde. Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ dúró lórí kọ́ńkéré, wọ́n ń pàṣẹ. Ìyá Ìdòwú bá sọ̀rọ̀ sókè, bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni wí, pé Kọmíṣánnà mà fẹ́ràn ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ o. Áà! Mo rí Ọ̀gá Omi nínú gọ́tà tó ní kì í ṣe tòun. Mo rí Ọ̀gá Bẹ́ǹṣì tó gbá ọ̀rá iléeṣẹ́ wọn mọ́ àyà. Màdáàmù Gọ́tà bọ́ bàtà, ó ká ṣẹ́kẹ́ẹ̀tì sókè, ọ̀nà tó sì gbà kó ẹrẹ̀ yẹn, ó hàn pé ó ti ṣe oko rí. Lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó dí i já. Gọ́tà ké gbà-à-à, omi dúdú ṣubú lulẹ̀, ó sì sá lọ sísàlẹ̀. Ìsun ò mu nínú rẹ̀ rárá. A pariwo, gbogbo wa, àwọn ọ̀gá náà pariwo, Ọ̀gá Omi di mọ́ Ọ̀gá Koríko.

Ìgbà náà ni wọ́n rántí.

"Kọmíṣánnà dà?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo lè ní wọ́n tàn mí ni. Ṣùgbọ́n inú mi dùn jù láti parọ́ kejì.

"Kò sí Kọmíṣánnà kankan," mo ní. "Èmi ni mo ní kí ẹ wá. Nígbà tí mo sọ òótọ́, ẹ ò wá."

Ọ̀gá Omi fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ tọ́ka sí mi. "Ẹ pe ọlọ́pàá! Ẹ pe Imigiréṣọ̀n! Àjàṣẹ́ yìí fi ìjọba Nàìjíríà ṣe ẹlẹ́yà!"

Mo fà sẹ́yìn. Ìyá Ìdòwú bọ́ sáàrin èmi àti ọkùnrin náà.

"Ẹ pè wọ́n," ó ní. "Àwa náà á tẹ̀ lé yín lọ. Kí wọ́n bi yín, níṣojú gbogbo ayé, ìdí tó fi jẹ́ Kọmíṣánnà ni yóò gbé yín dé ibi iṣẹ́ yín."

Fóònù Màdáàmù Gọ́tà bá dún. Ó wò ó, ẹ̀rín ń wá sí i lójú, ó ń gbé e mì. Ó ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn ní Abẹ́òkúta láti ìgbà tí a ti wà nínú gọ́tà, wọ́n sì ti dá a lóhùn pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti oríyìn pé irú àjọṣepọ̀ tí àwọn fẹ́ rí nìyí. Ó fi han àwọn yòókù. Ọ̀gá Omi na ọrùn, ó wo ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò fi ojú mi hàn dáadáa?" ó ní. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, ẹni mẹ́ta tún fa àgádágodo yọ lápò. Ìyá Ìdòwú ò bá wọn jà. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé àpótí, ó gbé e sí ojú géètì gan-an, ó sì jókòó lé e. "Ẹ tì í," ó ní. "Ẹ ti èmi náà mọ́ ọn." Àwọn obìnrin tó kù dúró yí i ká. Oòrùn mú, ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ àwọn ọ̀gá lára, ara ń yún wọn. Nígbà tó yá, wọ́n gbà: àgádágodo kan, kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan fún àjọṣepọ̀, ọ̀kan fún àdúgbò. Wọ́n ṣì ń ṣe mítíǹgì títí di òní lórí ẹni tí yóò máa mú ti àjọṣepọ̀ dání.

Ti àdúgbò, níbi tí gbogbo wa wà náà ni wọ́n ti pinnu. Mo ti rò pé Ìyá Ìdòwú ni yóò mú un, ta ló tún tó o? Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó yí i wò, ó sì nà án sí mi.

"Ará Kétu," ó ní, "gbà."

Ó ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí! Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ẹkún gbọ̀n mí, imú mi ń ṣàn, mi ò bìkítà. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti sọdá ẹnubodè.

Mo pe ìyá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn ọ̀gá wọ gọ́tà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Mo wá sọ pé wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ kí ni?"

"Ti ibi omi wọn, Màmá."

"Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn?"

"Àwọn ni."

Àga rẹ̀ dún, ó ti jókòó.

"Wọn kì í gbé irú ẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́," ó ní.

"Màmá, ṣé inú yín ò dùn ni?"

"Inú mi dùn. Ṣé n ó sọ pé inú mi ò dùn ni?" Mo gbọ́ bó ṣe ń fa imú. "Àgbàdo ṣe dáadáa lọ́dún yìí, òjò ń bà á jẹ́ níta. N ó kúkú kó o sínú yàrá rẹ tí mo ń tọ́jú dè ọ́."

Mo ní kó kó o síbẹ̀.